Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Ki Orí Bọ Aṣọ Dúdú

Ọmọ ọmọ mi kan, obìnrin, ẹni ọdún 22, ló gbé àpótí kan wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Abẹ́òkúta ní èṣí. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ wá wo nǹkan tí mo rà." Kámẹ́rà ńlá ni, ti onífíìmù pẹlẹbẹ, ínṣì mẹ́rin sí márùn-ún. Àpò awọ rẹ̀ ń ká, ó ń nà, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ń fi òun rẹ́rìn-ín pé nǹkan arúgbó lòun lọ kó owó lé. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì gbọ́, ó gbé tirẹ̀ náà dé. Ohun tí òun ń bi mí ni pé ṣé òun kò ti pẹ́ jù. Ọmọdé ń bẹ̀rù pé nǹkan àgbà ni, àgbà ń bẹ̀rù pé ilẹ̀ ti ṣú. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.

Èmi ò yan kámẹ́rà ńlá ní tèmi, òun ló wà ńlẹ̀. Ọdún 1966 ni bàbá mi fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́, ọmọ ọdún 15 ni mí. Hááfù-pùléètì ni kámẹ́rà ọ̀gá, igi pupa tí wọ́n fi idẹ dè létí, ó sì dàgbà ju ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi pọn omi kí n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má pè é ní ìyà lásán. Oògùn tí a fi ń fọ fíìmù, nǹkan bí ogún lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì ló ń fẹ́. Omi Abẹ́òkúta lọ́sàn-án gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí omi bá gbóná, fíìmù á tètè dúdú jù, ojú rẹ̀ á rọ̀ bí ẹ̀kọ, èékánná lásán á bù ú. Nítorí náà, àmù la máa ń da omi sí lálẹ́, ìdájí la sì máa ń fọ fọ́tò. Ìgbọ̀nwọ́ ni ọ̀gá fi ń wọn omi. Lọ́jọ́ tí ìgbọ̀nwọ́ tèmi àti tirẹ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí omi àmù kan náà, ó ní kí n wá wo inú kámẹ́rà. Ẹ̀yin tí ẹ ní fíríìjì, ẹ kú oríire, pàápàá lọ́jọ́ tí iná bá wà.

Ẹnu ọ̀nà tí kálukú gbà wọlé kò jọra. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Julia Margaret Cameron ti bímọ, ó ti tọ́ wọn, ó ti pé ẹni ọdún 48, kí ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọkọ ọmọ náà tó fi kámẹ́rà ta á lọ́rẹ lọ́dún 1863. Ilé èédú ló sọ di yàrá òkùnkùn, ilé adìẹ ló sọ di ibi ìyàwòrán. Kò tó ọdún márùn-ún tí Charles Darwin fi wá jókòó níwájú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Richard Avedon ti lókìkí nídìí yíya àwọn arẹwà fún ìwé ìròyìn, ó ti lé ní 50 ọdún, kó tó gbé kámẹ́rà ínṣì mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ bá àwọn awakùsà àti àwọn tí kò rílé gbé ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wọn, láti 1979 sí 1984. Kì í fara pa mọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń dúró sí, tí òun àti ẹni tó ń yà á jọ ń wojú ara wọn.

Ti Seydou Keïta ní Bamako ló wù mí jù, torí ayé tirẹ̀ jọ ti ọ̀gá mi. Iṣẹ́ igi ló ń kọ́ ní kékeré, nígbà tí arákùnrin òbí rẹ̀ kan ti Senegal dé lọ́dún 1935 pẹ̀lú Kodak kékeré kan, tó sì fi lé e lọ́wọ́. Ọdún 1948 ló ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀. Kámẹ́rà onífíìmù sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18 ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, aṣọ ibùsùn rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Fíìmù kì í ṣe nǹkan ọ̀fẹ́, ẹyọ kan ló sábà máa ń lò fún ẹnì kan. Bí ẹ bá rí fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ojú sílẹ̀, ẹ wo ọwọ́ àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Kò sí ọwọ́ kan tó ṣèèṣì wà níbi tó wà.

Nítorí náà, kò sí ọjọ́ orí tó tètè jù, kò sí èyí tó pẹ́ jù. Àmọ́ kò sí ẹni tó wọlé lọ́wọ́ òfo. Ọ̀gbẹ́ni oníbáńkì yẹn ti fi kámẹ́rà kékeré ya fọ́tò fún ọgbọ̀n ọdún, ẹrù tirẹ̀ ni "mo ti mọ̀ ọ́n". Gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà ńlá, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè ló máa ń fi ènìyàn hàn, ọ̀tún á di òsì. Ọ̀gbẹ́ni ń lọ́ ọrùn lábẹ́ aṣọ dúdú tí a fi ń bo orí wo gíláàsì náà, díẹ̀ ló kù kó ta òkìtì. Ọmọ ọmọ mi kò tiẹ̀ kà á sí. Ó ní bó ṣe doríkodò yẹn gan-an ló jẹ́ kí òun rí ibi tí apá àti ara ti fi àyè sílẹ̀ fún ara wọn, torí ojú ò jọ ojú mọ́. Mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Ẹrù ti ọmọ ọmọ mi ni ìkánjú. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sínú fóònù, ẹ máa ń yà á ná kí ẹ tó wò ó. Họ́dà tí fíìmù ń gbé inú rẹ̀ ò gbà ju méjì lọ, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Lọ́dún 1927, Ansel Adams, ọmọ ọdún 25, gbé kámẹ́rà tó ń lo gíláàsì dípò fíìmù gun òkè ní Yosemite ní Amẹ́ríkà lọ bá àpáta tí wọ́n ń pè ní Half Dome. Ọmọ Ẹ̀gbá kankan kò ní bi í pé kí ló ń wá nídìí àpáta. Gíláàsì méjì péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọ̀kan yà á pẹ̀lú fílítà yẹ́lò. Nígbà náà ló wá dúró, ó bi ara rẹ̀ bóyá ojú ọ̀run tó wà lọ́kàn òun ló máa jáde. Ó rí i pé òun kọ́. Ó yọ yẹ́lò, ó fi fílítà pupa sí i, ó sì ná èyí tó kù. Ojú ọ̀run dúdú bí aró, àpáta yọ gedegbe. Èyí tó fi ìdúró yà yẹn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n dòní.

Èmi náà ti jìyà ìkánjú. Ìdérí họ́dà ní etí méjì. Bí funfun bá wà níta, fíìmù ò tíì rí ìmọ́lẹ̀. Bí dúdú bá wà níta, ó ti rí i. Lọ́dún 1971, ọdún kejì tí mo gba fíríìdọ̀ọ̀mù, ìdílé kan pè mí kí n wá ya ìyá wọn, arúgbó kùjọ́kùjọ́ tí wọ́n gbé jáde. Mo yà á. Àwọn ọmọ ní kí n ya àwọn náà. Ariwo pọ̀, oníkálukú ń pàṣẹ, mi ò yí ìdérí padà, mo tún ki ojú họ́dà kan náà bọ ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ní ìdájí, lábẹ́ iná pupa, mo rí ìyá yẹn nínú omi oògùn, ẹsẹ̀ ọmọkùnrin mẹ́ta gba àyà rẹ̀ kọjá. Mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ n óò padà lọ. Ìyá ò dúró dè mí. Mo kó owó wọn padà fún wọn, wọn ò gbà á, wọ́n ní kí n fi jẹun. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ gbòde, oníbàárà ò fẹ́ dúró mọ́, mo gbé kámẹ́rà ńlá sí àjà. Ikán jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, òjò jẹ ìyókù. Mi ò sunkún. Kámẹ́rà kékeré ló san owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi. Nítorí náà, tí ẹ bá rí mi lábẹ́ aṣọ dúdú báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ ni èmi náà. Ọmọ ọmọ mi yìí ló kọ́ mi pé fóònù lè wọn ìmọ́lẹ̀. Èmi sì ni mo sọ fún un pé fóònù ò mọ ibi tí ẹwìrì kámẹ́rà nà dé. Lẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 150. Bó bá fẹ́ ya ọnà ara àdìrẹ kan bó ṣe tóbi gan-an, ẹwìrì á nà dé 300, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé orí fíìmù á sì ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Ohun tí fóònù pè ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mẹ́rin ni kó kà. Nínú òkùnkùn, ìka ni ojú yín: ẹ wá gígé kékeré létí fíìmù, bó bá wà lókè lápá ọ̀tún, ojú fíìmù ló kọ sí yín. Nígbà ọyẹ́, ẹ nu inú họ́dà dáadáa. Ẹyọ eruku kan á di àmì dúdú lórí fọ́tò.

Lóṣù tó kọjá, a jọ lọ sí ọjà Ìtòkú. Ìyá aláàdìrẹ kan gbà kó ya òun. Ìyá tún gèlè ṣe, ó na ọrùn, ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ ki orí bọ aṣọ dúdú, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde, kò yà á. Ìyá ní, "Ṣé o ti yà á?" Ó ní, "Rárá, mà, ẹ má bínú." Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ó bi ìyá léèrè aró. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ẹ̀rín fọ́tò kúrò lójú rẹ̀, ó fa ìgbátí àdìrẹ kan yọ, ó fi àtàǹpàkò tó ti dúdú fún aró tẹ orí ọnà kan, ó sì dákẹ́ bíi pé ó ń ka nǹkan kan lọ́kàn. Mo gbọ́ lẹ́ńsì tó ké tíńtín.

Ọmọ ò wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, kò wò mí. Ó fa ìdérí, ó yí i padà kó tó tì í bọ inú họ́dà, ó wá na họ́dà sí mi lójú kí n rí etí dúdú.