Ríìmù Tó Tóbi Kọ́ Ni Ríìmù Tó Bá Ọkọ̀ Mu

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ lórí ògiri wa lọ́sẹ̀ yìí dá lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀. A fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń yan ríìmù àti táyà tó bá ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì mu, irú ọkọ̀ fáàrí tí wọ́n ń pè ní kúpé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Èwo ló kàn wá? A ò tíì ní kẹ̀kẹ́, ká tó wá sọ ọkọ̀." Ó kàn wá o. Boundary la wà. Èbúté Apapa ò jìnnà sí wa, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ń gbà wọlé. Àwọn kan nínú wa, bàbá wọn ni fọkanáísà. Àwọn kan ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ́yìn ilé-ìwé. Gbogbo wa la sì ń wọ ọkọ̀. Tí táyà bá bẹ́ lórí eré, kì í béèrè ta ló ni ọkọ̀ kó tó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

Àpẹẹrẹ wa ni ọkọ̀ bọ̀dá mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Toyota Celica 2002 ni, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní GT. Ríìmù íǹṣì 15 ló bá a wá. Bọ̀dá ní ó kéré lójú òun, pé 18 lòun fẹ́, òun á lọ wá a ní Ládípọ̀ ní Mushin. Ọkọ̀ yìí kan náà ló máa ń gbé màmá àgbà wa lọ sí ilé ìwòsàn, ìdí nìyẹn tí mo fi fara balẹ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀.

1. BÍ A ṢE Ń KA ARA TÁYÀ

Ohun tó wà lára táyà Celica náà nìyí: 195/60R15 88H. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

195 ni ìbú táyà ní mìlímítà.

60 ni gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, ìyẹn rọ́bà tó wà láàárín etí ríìmù àti ilẹ̀. Kì í ṣe mìlímítà 60 o. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú rẹ̀ ni.

R sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú táyà: ó dábùú láti etí kan lọ tààrà sí etí kejì. Ọ̀pọ̀ táyà ọkọ̀ kékeré òde òní ló rí bẹ́ẹ̀.

15 ni ìwọ̀n ríìmù tó lè gbà á, ní íǹṣì.

88 jẹ́ àmì ẹrù. 88 túmọ̀ sí kìlógíráàmù 560 fún táyà kan ṣoṣo. Àmì 84 jẹ́ 500, 91 sì jẹ́ 615.

H ni àmì eré: kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 210 ní wákàtí kan lọ. T jẹ́ 190, V jẹ́ 240.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí fún ọkọ̀ kan, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Ìwé kékeré kan máa ń wà ní ara òpó ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ìwọ̀n táyà àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ wà lórí rẹ̀.

2. ÌṢIRÒ GÍGA TÁYÀ

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé tí ríìmù bá ń tóbi sí i, rọ́bà gbọ́dọ̀ máa dínkù, kí gíga gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ má baà yí padà. Báyìí la ṣe ń wá gíga náà láti ilẹ̀ dé òkè:

Gíga = (ìbú × ìdá ẹ̀gbẹ́ × 2) + (íǹṣì ríìmù × 25.4)

A fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀ nítorí rọ́bà wà lókè, ó tún wà nísàlẹ̀. Íǹṣì kan sì jẹ́ mìlímítà 25.4.

Ti Celica: 195 × 0.60 = 117. 117 × 2 = 234. 15 × 25.4 = 381. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 615.

Òfin tí àwọn tó mọṣẹ́ ń tẹ̀lé ni pé kí tuntun má fi ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti àtilẹ̀wá. Ẹ wo mẹ́rin tí mo ṣírò:

205/50R16: ẹ̀gbẹ́ 102.5, gíga 611.4
205/45R17: ẹ̀gbẹ́ 92.25, gíga 616.3
215/35R18: ẹ̀gbẹ́ 75.25, gíga 607.7
225/55R17: ẹ̀gbẹ́ 123.75, gíga 679.3

Mẹ́ta àkọ́kọ́ yege. Ìkẹrin fìdí rẹmi pátápátá, ó fi ohun tó lé ní ìdá 10 ga jù. Kí ló burú níbẹ̀? Aago tó ń ka eré ọkọ̀ kò rí ọ̀nà, iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí ló ń kà. Táyà tó ga jù máa ń rìn jìnnà sí i nínú yíyí kan. Tí aago bá ní 100, eré tí ẹ ń sá gan-an ti di nǹkan bí 110. Yàtọ̀ sí ìyẹn, táyà náà á máa ha ara ọkọ̀ tí ẹ bá ń yíwọ́.

3. ÀYÍKÁ BÓÒTÙ

Ríìmù lè jẹ́ íǹṣì tó tọ́, kó má sì wọlé. Ẹ fojú inú ya àyíká kan tó gba àárín gbogbo ihò bóòtù kọjá. Ìbú àyíká yẹn ló gbọ́dọ̀ bá ti ọkọ̀ mu. Ti Celica yìí jẹ́ bóòtù 5 lórí mìlímítà 100. Ti Camry jẹ́ 5 lórí 114.3. Ti ọ̀pọ̀ Mercedes jẹ́ 5 lórí 112.

Bóòtù márùn-ún kì í dojú kọra, nítorí náà kò ṣeé fi rúlà wọ̀n tààrà. Ibi tí sine tí a kọ́ ti wúlò nìyí. Ẹ wọn àárín bóòtù kan sí àárín èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹ pín in pẹ̀lú 0.588. Sine 36° ló fún wa ní nọ́ńbà yẹn. Tí ẹ bá rí 58.8, 58.8 ÷ 0.588 = 100. Celica nìyẹn.

Tí ẹ bá wọn ti Mercedes, ẹ máa rí nǹkan bí 65.8, ti Camry, nǹkan bí 67.2. Mìlímítà kan àti díẹ̀ péré ló wà láàárín wọn. Ojú ò lè rí i, síbẹ̀ sípánà lè fipá mú un wọlé. Bóòtù tí wọ́n fipá mú á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nọ́ọ̀tì á máa tú, ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì lè yọ lójú ọ̀nà. Tẹ́ni tó ń tajà bá ní, "Á wọ̀ ọ́, á wọ̀ ọ́," rúlà ni kẹ́ ẹ yọ.

4. IHÒ ÀÁRÍN ÀTI NỌ́ŃBÀ ET

Ihò ńlá tó wà láàárín ríìmù náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ti Celica jẹ́ 54.1. Ti Golf 4 jẹ́ 57.1, bẹ́ẹ̀ bóòtù Golf 4 náà jẹ́ 5 lórí 100. Nítorí náà, ríìmù Golf á wọ Celica, àmọ́ á fi mìlímítà mẹ́ta fẹ̀ jù láàárín, ọkọ̀ sì lè máa gbọ̀n tó bá ń sáré. Òrùka kan wà tí wọ́n fi ń dí àlàfo yẹn. Ẹ béèrè fún un kẹ́ ẹ tó sanwó.

Nọ́ńbà ET ń sọ bí ojú tí ríìmù fi lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ṣe jìnnà tó sí àárín ìbú ríìmù. Tí ti àtilẹ̀wá bá jẹ́ ET45, tí ẹ wá ra ET25 tí ìbú wọn dọ́gba, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á yọ síta ní mìlímítà 20. Ó máa ń wu ojú, àmọ́ ó ń ni bẹ́árìn lára, táyà sì lè máa ha ara ọkọ̀ tí èrò bá kún inú rẹ̀.

5. Ọ̀NÀ TIWA

Ẹ ti rí i pé 18 yege nínú ìṣirò. Kí ló wá burú nínú ohun tí Bọ̀dá fẹ́?

Ẹ padà wo ẹ̀gbẹ́ rọ́bà. Íǹṣì 15 ní 117. Íǹṣì 18 ní 75. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: 75 kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìka ìlábẹ̀ mi lọ. Rọ́bà àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni tìmùtìmù tó wà láàárín ríìmù àti kòtò. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà wa, láti Mobil Road dé ojú títì tí tírélà tó ru kọ̀ǹténà ń gbà. Tí òjò bá rọ̀, omi á bo kòtò mọ́lẹ̀, awakọ̀ ò ní rí i títí ọkọ̀ á fi já sínú rẹ̀. Bí tìmùtìmù bá tín-ín-rín, etí ríìmù á gún rọ́bà mọ́ ẹnu kòtò. Okùn inú táyà á já, kókó á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kókó yẹn lè bẹ́ nígbàkígbà. Ríìmù náà lè là. Àwọn kan máa ń ní kí wẹ́dà jó o pọ̀, àmọ́ ibi tí wọ́n jó yẹn kì í lágbára tó ti tẹ́lẹ̀.

Ẹrù náà tún wà níbẹ̀. 205/45R17 lásán máa ń ní àmì 84, ìyẹn 500, nígbà tí ti àtilẹ̀wá jẹ́ 560. Èyí tí wọ́n kọ XL sí lára ló ń ní 88. Ẹni tó bá fẹ́ 17 dandan, XL ni kó rà.

Ní tèmi, 16 ló yẹ Celica yẹn: 205/50R16. Toyota fúnra rẹ̀ lo ìwọ̀n yìí fún Celica GT-S. Ó rẹwà ju 15 lọ, rọ́bà tó ju mìlímítà 100 sì ṣì kù.

Bọ̀dá ní, "Ṣé nítorí kòtò ni mi ò ṣe ní í ṣe fáàrí?"

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ṣe fáàrí o. Ẹ ṣáà fi 16 ṣe é."

Ó rẹ́rìn-ín. Kò tíì rà á. Ó ti gba ìwé ìṣirò náà lọ́wọ́ mi, ó ká a sínú àpò.

6. ỌJỌ́ ORÍ TÁYÀ

Ìwọ̀n tó tọ́ lórí táyà tó ti gbó kò wúlò. Ẹ wá DOT lára táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ ìbí táyà: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Tó bá jẹ́ mẹ́ta péré, wọ́n ti ṣe é kí ọdún 2000 tó dé. Ẹ má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Táyà àlòkù fún ọkọ̀ kékeré wà lára ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà láàyè kó wọ Nàìjíríà, síbẹ̀ ó kún ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n lè fi nǹkan kùn ún kó máa dán. Dídán ò sọ ọ́ di tuntun. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Wá gíga 215/45R17. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló fi yàtọ̀ sí 195/60R15? Ṣé ó yege?
2. Àárín bóòtù kan sí èyí tó tẹ̀ lé e lára ríìmù oníbóòtù márùn-ún jẹ́ 67.2. Kí ni ìbú àyíká bóòtù rẹ̀? Ṣé á wọ Celica?
3. DOT táyà kan parí sí 0817. Ìgbà wo ni wọ́n ṣe é?
4. Ka ara táyà ọkọ̀ kan ní àdúgbò rẹ, kí o sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀. Gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ o, kí wọ́n má baà pè ọ́ lólè.

Ẹ fi ìdáhùn sínú àpótí ẹgbẹ́ oníròyìn. Ìdáhùn tó pé á jáde lórí ògiri yìí nínú ìwé ìròyìn wa tó ń bọ̀.