Ooru Wà, Oòrùn Ò Sí

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, inú fúláàtì ni à ń gbé ní Manchester. Àwọn ìbejì mi sunkún títí bàbá wọn fi ra ìjàpá kékeré kan fún wọn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Hermann. Yánníbo ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó tà á fún wa tún ta àpótí gíláàsì fún wa, àti ẹní oníná tí à ń tẹ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, àti gílóòbù pupa tó ní kí a má pa tọ̀sán-tòru. Inú àpótí náà ń móoru, ṣùgbọ́n Yánníbo kì í fẹ́ rìn, ewé tí a bá fún un, ńṣe ló ń gbóòórùn rẹ̀ lásán. Ṣé kí n gbé e sójú fèrèsé kí oòrùn lè máa ta sí i ni, àbí kí n ra iná mìíràn? Owó iná ilé wa ti ń dẹ́rù bà mí.

Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti fèrèsé sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú gíláàsì kọjá, ooru náà ń kọjá, ṣùgbọ́n ìtànṣán oòrùn tí wọ́n ń pè ní UVB kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá, òun gan-an sì ni Yánníbo ò rí. UVB ni awọ ìjàpá fi ń ṣe fitamin D3, fitamin yìí ló sì ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ wọ egungun àti igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Níbi tí kò bá sí, igbá á máa rọ̀, ẹsẹ̀ á máa wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín: fitamin D tí NHS, àjọ ìlera ìjọba, ń gba àwa aláwọ̀ dúdú níyànjú láti máa lò, àìtó ìtànṣán yìí kan náà ló fà á. Ní ìgbà òtútù, oòrùn ilẹ̀ Bìrìtìkó kì í ga tó láti fún èèyàn ní èyí tó tó, ká má tilẹ̀ sọ ẹranko tó wà nínú yàrá. Tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá sì wá ta sí àpótí gíláàsì yẹn, inú rẹ̀ lè gbóná débi tí ìjàpá á kú.

Ẹ má fi ìjàpá igbó ilé wa wọn èyí. Tiwa fẹ́ràn abẹ́ ewé gbígbẹ, níbi tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Gúúsù Yúróòpù ni ti Hermann, láti Sípéènì dé Ítálì dé Gíríìsì, tí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, oòrùn ló máa kọ́kọ́ jáde lọ yá. Láti òkè ni ooru ti ń bá a. Nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná jù, ńṣe ló ń walẹ̀ kí ó lè tutù. Ẹní oníná wá sọ ilẹ̀ di ibi tó gbóná, ó sì lè jó o níkùn. Ẹ yọ ọ́ lónìí. Ẹ yọ gílóòbù pupa náà: ìjàpá ń rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí òru ṣú fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi owó yín rà ṣáájú ni iná UVB oníọ̀pá gígùn, èyí tí wọ́n ń pè ní T5, tí wọ́n kọ 10% tàbí 12% sí lára. Ẹ má ra oníwíwé kékeré. Ẹ wá èyí tó ní irin pẹlẹbẹ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sísàlẹ̀, kí ó gùn tó ìdajì àpótí, kí gíláàsì tàbí ike má sì sí láàárín òun àti ìjàpá. Ẹ wo bébà rẹ̀ fún bí ó ṣe yẹ kó jìnnà sí ẹ̀yìn ìjàpá tó, nítorí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ tàn án sára rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Ó ṣì máa ń mọ́lẹ̀ dáadáa nígbà tí UVB inú rẹ̀ ti lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Iná yìí kì í mú ooru wá, nítorí náà ẹ ra gílóòbù halogen, irú tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń fẹ̀, kí ẹ fi í sínú ihò iná tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, kì í ṣe ike. Ẹ so ó mọ́ òkè pẹ̀lú ṣéènì, kí ó má bàa jábọ́ jó ilé. Apá kan náà ni kí òun àti T5 wà, kí Yánníbo lè máa gba UVB níbi tó ti ń yá ooru. Ẹ fi òkúta pẹlẹbẹ sábẹ́ halogen náà, ẹ wọn ooru orí òkúta náà: 32 sí 35°C ló dára. Kí apá kejì wà ní 20 sí 24, kí ó ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Ìjàpá kò lè mú ara rẹ̀ gbóná, òun ló máa yan ibi tí yóò wà. Thermostat, ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ooru, ni yóò máa ṣọ́ gílóòbù náà fún yín.

Wọ́n tún ń ta gílóòbù mercury tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Mi ò ní kí ẹ rà á. Thermostat kò lè dín in kù, àpótí kékeré á sì gbóná kọjá ààlà.

Ẹ tan T5 àti halogen fún wákàtí 12, kí ẹ pa wọ́n lálẹ́. Tí yàrá yín kì í bá tutù ju 15°C lọ lóru, Yánníbo kò nílò iná kankan lákòókò yẹn. Ní ti owó, gílóòbù 100 watt àti T5 24 watt fún wákàtí 12 kò ju yúnìtì kan ààbọ̀ lọ lójúmọ́, ẹ sì ti yọ ohun méjì tó ń jẹ iná tọ̀sán-tòru kúrò. Tí ẹ bá tún lówó lọ́wọ́, àpótí pákó tó fẹ̀, tí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, sàn ju gíláàsì lọ.

Ṣùgbọ́n ìjàpá tí kò jẹun ti kọjá ọ̀rọ̀ iná nìkan. Ẹ wá dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa àwọn afàyàfà, kí ẹ gbé Yánníbo lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Tí ẹ bá rí i pé igbá rẹ̀ ń rọ̀ tàbí tí ojú rẹ̀ ń wú, ẹ má dúró dọ̀la.