Ehoro Ìgbẹ́: Ẹ Bi Ọdẹ Bí Ó Ṣe Kú

Wọ́n máa ń bi wá bóyá Mùsùlùmí lè jẹ ehoro. Ó lè jẹ ẹ́. Anas bin Málik sọ pé nítòsí Mẹ́kà, àwọn ènìyàn lé ehoro kan títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Òun ló mú un, Abu Talhah dúńbú rẹ̀, ó sì fi itan rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), Ànábì sì gbà á.

Bí èyí tí à ń rà lójú títì ṣe kú ló ń kọ wá lóminú. Kí ọdẹ ṣe Bísímílláhì kí ó tó ju ajá sílẹ̀ tàbí kí ó yìnbọn. Bí ẹ̀mí bá ṣì wà lára ẹran, kí ó dúńbú rẹ̀ kíá. Èyí tí wọ́n fi kùmọ̀ lù pa ti di èèwọ̀: Súúrà Al-Máídà, ẹsẹ 3, dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú òkúǹbete. Bí wọ́n bá fi májèlé pa á ńkọ́? Iná kì í pa gbogbo májèlé. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè ṣàlàyé, ẹ fi í sílẹ̀ fún un, bí ó ti wù kí ó pọ́n tó.

Ní ilé, kí ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ má ṣe bó o. Kí ẹni tó máa bó o fi ọ̀rá bo ọwọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọbẹ gún ìfun. Ẹ wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa: bí tóótòòtóó funfun bá wà lára rẹ̀, ẹ ri ẹran náà mọ́lẹ̀, ẹ má fún ajá. Ẹ fọwọ́ wá ọta ìbọn jáde, kí eyín ọmọdé má baà pàdé rẹ̀. Ẹ sè é kí ó jiná dé eegun, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọbẹ àti pátákó kí ẹ tó gé ẹ̀fọ́ lórí rẹ̀.