Òróró àti Òróòro

Òróró ni wọ́n fi ń dín àkàrà àti dùndún. Òróòro, tí àwọn mìíràn ń pè ní òróǹro, ni omi kíkorò tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe. Àwọn ìwé àtijọ́ máa ń fi lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní àmì lórí kọ fáwẹ̀lì gígùn; àkọtọ́ ọdún 1974 ló ní kí a máa kọ irú fáwẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá kọ ẹyọ kan, tí kò tún fi àmì ohùn sí i, ti sọ òróòro di òróró, àṣìṣe tó léwu sì ni nínú ọ̀rọ̀ ìlera.

Àwọn alápatà ọjà Bọ́ńdárì ní Ajégúnlẹ̀ mọ òróòro dáadáa. Bí wọ́n bá ń gé ẹ̀dọ̀ màlúù, wọ́n máa ń rọra yọ àpò kékeré aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí bó bá bẹ́, ibi tó bá kàn lára ẹran náà yóò korò. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé nǹkan korò bí òróòro. Orúkọ kan yìí ni ọ̀pọ̀ ń pe omi náà àti àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn kí a yà wọ́n sọ́tọ̀: òróòro ni omi, àpò òróòro ni ibi tó ń gbé. Abẹ́ ẹ̀dọ̀ ni àpò ti ènìyàn wà, ní apá ọ̀tún, ó sì ń gba nǹkan bí 30 sí 50 mìlílítà. Òróòro ló ń tú ọ̀rá ká nínú ìfun. Nígbà tí awakọ̀ tírélà kan tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Àpápá dá dúró bá jẹ dùndún tí òróró rin, àpò náà yóò fún ara rẹ̀ kí òróòro lè lọ pàdé òróró.

Òkúta inú àpò òróòro ni orúkọ àìsàn kan tó máa ń mú àpò yìí. Kò yẹ kí a gé e kúrú sí “òkúta inú”, torí pé kíndìnrín náà ní òkúta tirẹ̀. Kì í sì í ṣe òkúta inú ìrẹsì tí ènìyàn gbé mì. Òróòro fúnra rẹ̀ ló ń dì: nígbà mìíràn ọ̀rá inú rẹ̀ ló ń le, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, aró tó jáde lára ẹ̀jẹ̀ pupa tó fọ́ ni. Irú kejì yìí wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní àrùn tí Yorùbá sọ ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí ẹ̀jẹ̀ wọn ń yára fọ́. Ọmọdé inú wọn pàápàá lè ní òkúta yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbé òkúta náà dọjọ́ alẹ́ láìmọ̀. Ìgbà tó bá dí ẹnu àpò ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ìrora, ó sì yẹ kí aláìsàn lò wọ́n. “Inú ń run mí” kò tó. Ìrora òkúta yìí máa ń mú ènìyàn lókè ikùn lápá ọ̀tún, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá. Ó lè gún un dé ẹ̀yìn èjìká ọ̀tún, ó sì lè má tú u sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Àwọn kan á sọ pé ọgbẹ́ inú ni, wọ́n á gba kẹ́míìsì lọ. Bí ìrora kò bá lọ, tí ibà àti èébì tẹ̀lé e, ó ṣeé ṣe kí àpò náà ti wú. “Wú” nìkan kò sì tó: ẹsẹ̀ tí omi kún wú, kò gbóná. Àpò òróòro tó wú ń gbóná, ó sì ń ro bí èéwo.

Ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà jù ni ibà pọ́njú. Ohun tí ojú rí ló ń sọ: ojú pọ́n. “Pọ́n” kò mọ sí pupa. Máńgòrò tó di òféèfé náà pọ́n. Kí a má sì da “ojú rẹ̀ pọ́n” pọ̀ mọ́ “ojú ń pọ́n ọn”, tó jẹ́ ti ìpọ́njú. Ibà pọ́njú kì í ṣe orúkọ àrùn kan ṣoṣo. Ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn lè fà á, òkúta tó dí ọ̀nà òróòro náà lè fà á. Bí òkúta bá dí ọ̀nà náà, ìtọ̀ á ṣú, ìgbẹ́ á funfun. Agbo kò lè ṣí ọ̀nà tí òkúta dí.

Wọ́n tún máa ń sọ pé “wọ́n yọ òkúta fún un”. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àpò náà ni wọ́n yọ tòun ti òkúta inú rẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí Carl Langenbuch kọ́kọ́ ṣe ní Berlin lọ́dún 1882. Ènìyàn lè wà láàyè láìní àpò náà, torí ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro.

Ẹni tí apá ọ̀tún ikùn rẹ̀ ń ro, tí ibà mú, tí ojú rẹ̀ sì pọ́n, kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Àpápá tàbí Ajeromi lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún dókítà.