Ta Ló Ń Yọ Irun Náà? Gírámà àti Ológbò Tí Ara Rẹ̀ Pá

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ológbò ilé wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní mo tún ti fi àsọdùn bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi tán ná.

Ẹ̀pẹ́ la ti mú Pańla wá. Màmá àgbà mi ń yan ẹja tà níbẹ̀, àwọn ológbò ló sì ń bá wọn lé eku nídìí agbọ̀n ẹja. Nígbà tí ọmọ ológbò pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé ọ̀kan fún wa nínú páálí, a wọkọ̀, a gba Ìtòìkín kọjá sí Ìkòròdú, sínú ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí ikùn Pańla, abẹ́ itan rẹ̀ àti ìdí ìrù rẹ̀ fi ń dán bí orí apárí. Kò sí egbò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò wú.

Ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Irun rẹ̀ ń re." Màmá Ẹ̀pẹ́ ní tiwọn sọ lórí fóònù pé, "Àárò ilé ló ń ṣe é. Ẹ dá a padà fún mi." Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa kò tilẹ̀ dárúkọ àìsàn kankan. Ohun tó sọ ni pé ológbò tí kò nírun lára kì í ṣe ológbò lásán, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń so mọ́ ológbò lágbègbè wa. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé etí baba onílé. Wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì: kí ara ológbò náà yá, tàbí kó kúrò nínú ọgbà àwọn.

Ti ìyá mi ni mo gbà gbọ́. Tí irun bá ń re, awọ ara ló ní àrùn. Tí awọ ara bá ní àrùn, ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́. Èmi fúnra mi ni mo po oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilẹ̀ balùwẹ̀, irú èyí tó máa ń funfun bí wàrà tí a bá dà á sómi, tí mo fi wẹ Pańla ní ọ̀sán Sátidé. Kó tó di alẹ́, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbọ̀n, kò sì lè dìde. Òru ọjọ́ náà la gbé e lọ bá dókítà ẹranko.

Wọ́n fi omi àti ọṣẹ ṣan ara rẹ̀ dáadáa, wọ́n fa omi sí i lára, ó sì sùn ọ̀dọ̀ wọn fún ọjọ́ méjì. Ohun tó wà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni fínọ́ọ̀lù. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn àti ti ajá lè yí i padà kó sì tì í jáde lára. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára láti ṣe é. Ohun tó tún burú ni pé gbogbo ohun tí ẹ bá fi pa ológbò lára, yóò lá a. Oògùn ìta ara ti di oògùn inú nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì ni dókítà bi ìyá mi ní ìbéèrè tí mi ò tíì gbàgbé: "Mà, ta ló ń yọ irun náà?"

Ìyá mi ní, "Ẹnì kankan kọ́. Ó ń re ni."

Ẹ jẹ́ ká tú gbólóhùn yẹn bí a ṣe ń tú u ní kíláàsì. Nínú "irun rẹ̀ ń re", irun ni olùwà. Ọ̀rọ̀-ìṣe "re" kì í gba àbọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun "re irun" ẹnikẹ́ni. Bí ìyẹ́ adìẹ ṣe ń re náà nìyẹn, kò sí ẹni tí a lè bi pé kí ló dé. "Tu" yàtọ̀ sí i. A lè sọ pé "irun ń tu", a sì lè sọ pé "ó ń tu irun". Nínú èkejì yìí, oníṣẹ́ ti yọjú. Wàyí o, ẹ wo àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe yìí: "Ó ń fi ahọ́n lá irun ara rẹ̀ kúrò." "Fi" gbé irinṣẹ́ wá, "lá" sọ ohun tó ń ṣe, "kúrò" sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Gbólóhùn kan ṣoṣo, àlàyé àìsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Nígbà tí a yan "re", a ti pa olùwà tòótọ́ rẹ́ kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Bí dókítà ṣe dá olùwà náà padà nìyí. Wọ́n rọra fa irun tó wà létí ibi tó pá. Kò tu rárá. Wọ́n gé díẹ̀, wọ́n wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Irun tó re fúnra rẹ̀, ṣónṣó orí rẹ̀ máa ń pé, ó sì máa ń mú. Ti Pańla ti kán, ó rí bí ẹnu ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Ahọ́n ló ṣe é. Ẹ̀gún kéékèèké tó tẹ̀ sẹ́yìn ló kún orí ahọ́n ológbò, irú ohun tí èékánná wa jẹ́ ni wọ́n sì jẹ́. Ní 2018, Alexis Noel àti David Hu ní Georgia Tech fi hàn pé ṣónṣó àwọn ẹ̀gún yìí ní ihò tó ń gbé itọ́ dé awọ ara. Ohun ìmọ́tótó ni, ṣùgbọ́n tó bá ti pọ̀ jù, ó di abẹ ìfárí. A ò sì rí Pańla níbi tó ti ń ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ ológbò máa ń sá pamọ́ lá ara wọn.

Ó wá ku ohun tó ń mú un lá ara. Ibí ni mo ti rò pé Màmá Ẹ̀pẹ́ máa jàre, torí lóòótọ́ ni ìdààmú ọkàn lè mú ológbò lá ara rẹ̀ di pípá. Ṣùgbọ́n ní 2006, Waisglass àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ológbò 21 tí wọ́n ti rò pé ọ̀rọ̀ ọkàn ló ń ṣe wọ́n. Nínú 21 yìí, 16 ló ní àìsàn ara gan-an. 3 ní méjèèjì pọ̀. 2 péré ni ti ọkàn nìkan. Ara tó ń yún ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n rí. Ìrora nínú àpò ìtọ̀ náà lè mú ológbò máa lá ikùn. Làpálàpá náà máa ń já irun, ó sì máa ń ran ènìyàn, nítorí náà dókítà yẹ ìyẹn wò pẹ̀lú, wọn ò rí i. (Ẹ̀rù tó ń ba aládùúgbò wa nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe àsán pátápátá nígbà náà. Orúkọ tó fún un ni kò dáa.)

Wọ́n fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun ẹ̀yìn rẹ̀ sórí tíṣù funfun tó tutù. Ìdọ̀tí dúdú wẹ́wẹ́ bọ́ sílẹ̀, omi kàn án, ó di pupa. Ẹ̀jẹ̀ ni, ìgbẹ́ kòkòrò tíńtínní tó máa ń fò nínú irun ẹran. Eégbọn là ń pe gbogbo rẹ̀ nílé wa, ṣùgbọ́n eégbọn kì í fò, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ni. Itọ́ kòkòrò yìí kì í bá ara àwọn ológbò kan mu, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ti tó láti mú gbogbo ara yún wọn. Àwọn tó kó kúrò nínú ilé wa sin ajá. Ọmọ kòkòrò náà lè wà nínú ìwọ́ rẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, tó bá gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ kó wá jáde. Àwa la rìn wọlé.

Oògùn tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn ni wọ́n fún wa, ti ológbò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra ti ajá nítorí pé ó pọ̀ lọ́jà: permethrin tó wà nínú àwọn kan lè pa ológbò. A fọ gbogbo aṣọ ibùsùn, a ń gbálẹ̀ abẹ́ àga lójoojúmọ́, a sì ń kán oògùn náà lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta, torí ilẹ̀ ni ẹyin máa ń bọ́ sí.

Ọ̀sẹ̀ méjì tí baba onílé fún wa pé kí irun tó hù. Ìyá mi mú tíṣù yẹn lọ bá wọn, wọ́n wò ó, wọ́n ní ká fi oṣù kan kún un. Nígbà tí oṣù náà fi pé, irun wẹ́wẹ́ ti bo ikùn Pańla. Aládùúgbò wa ṣì ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé tó bá ń kọjá.

Màmá Ẹ̀pẹ́ pè lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. "Ṣé àárò náà ti lọ?"

Mo ní, "Ó ti lọ, Mà."