Eré Parí, Iṣẹ́ Kù

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Bí a bá ti jáde nílé ẹ̀kọ́, ọ̀kan á gba òkè òkun lọ, èkejì á wọṣẹ́ ìjọba, òwò á gbé ẹ̀kẹta. Ọdún á gorí ọdún, títí a ó fi máa fọwọ́ lérán ká tó rántí orúkọ ẹni tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Òótọ́ ni òwe náà. Àmọ́ eré ló ń tú ká bẹ́ẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ kan ṣì pa pọ̀ kì í tètè sọ ara wọn nù.

Ẹ wo ilé ẹ̀kọ́ Bootham nílùú York, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀rẹ́, ìyẹn àwọn onígbàgbọ́ tí ayé ń pè ní Quaker, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1823. Àwọn wọ̀nyí kórìíra ogun. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ti ń jọ́sìn: wọn á jókòó jẹ́ẹ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sọ nínú rẹ̀ á dìde sọ ọ́, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, olówó tàbí mẹ̀kúnnù.

Seebohm Rowntree, ọmọ ìdílé tó ń ṣe ṣokoléètì ní York, kàwé níbẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó ní kí wọ́n wádìí láti ojúlé dé ojúlé bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà ṣe ń gbé. Ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1901 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 28 nínú 100 ní York ló wà nínú ìṣẹ́. Ọmọ olówó ni, ó lè gbé ojú kúrò, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ogun bẹ́ lọ́dún 1914. Philip Noel-Baker, ọmọ Bootham, di aṣáájú àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ áńbúláǹsì tí àwọn ọ̀dọ́ Quaker dá sílẹ̀, kí ẹni tí kò lè gbé ìbọn lè gbé ẹni tó gbọgbẹ́. Lọ́dún 1916, Lewis Fry Richardson dara pọ̀ mọ́ wọn, ó ń wa áńbúláǹsì ní ilẹ̀ Faransé, ó sì ń ṣe ìṣirò ojú ọjọ́ nígbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀. Ọ̀nà tó là náà ni wọ́n ń tọ̀ lónìí láti sọ ìgbà tí òjò yóò rọ̀. Bootham lòun náà ti jáde, kí Noel-Baker tó wọlé síbẹ̀ pàápàá. Wọn kò jọ ṣeré rí níbẹ̀, iṣẹ́ ló so wọ́n pọ̀.

Noel-Baker gba fàdákà ní Òlíńpíìkì 1920, ó sì gba Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà lọ́dún 1959. Irú ìròyìn yìí ni gbogbo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ń fẹ́ gbé síwájú, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kìkì ẹni tó gboyè àti ẹni tó kọ́lé là ń gbé ìròyìn wọn, ẹni tí òwò rẹ̀ wó á fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ láìdágbére. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ sọ fún akọ̀wé yín kó kọ nípa nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú, ẹni tó ń wáṣẹ́. Kó fi wọ́n sójú ewé kan náà pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe àríyá ọdọọdún o. Inú mi a máa dùn sí i. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ra aṣọ ẹgbẹ́, ẹ yọ owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ẹlẹgbẹ́ yín tó ti kú sílẹ̀ ná.

Ilé pàápàá kì í dúró títí. Ilé ẹ̀kọ́ Quaker kan tó bẹ̀rẹ̀ ní London lọ́dún 1702, tó ṣí lọ sí Saffron Walden lọ́dún 1879, ti ilẹ̀kùn pa lọ́dún 2017. Ẹni tó so okùn rẹ̀ mọ́ ògiri nìkan, kí ló kù tó dì mú? Nítorí náà, ẹ tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà ara yín nísinsìnyí, kẹ́ ẹ sì máa pe ẹni tó ti dákẹ́ jù lọ nínú yín. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ṣì wà, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ní ohun tí wọ́n ṣaláìní kẹ́ ẹ tó dáwó: ó lè jẹ́ ìwé ni wọ́n ń wá, nígbà tí ẹ̀yin ń múra láti kọ́ géètì.