Ẹ Tẹ̀lé Omi Dé Ẹnu: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tó Ń Lọ Ṣiṣẹ́ ní Àgọ́ Ogunléndé

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ wolé-wolé ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìntì. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ti gba iṣẹ́ omi àti ìmọ́tótó ní àgọ́ ogunléndé. Ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó di ẹrù.

1. Ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo omi. Ní oṣù Keje 1994, àwọn ará Rwanda tó sá dé Goma, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà, lé ní 500,000 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orí àpáta dúdú tí òkè ayọnáyèéfín tú jáde ni wọ́n pàgọ́ sí. Dígà àti ṣọ́bìrì kò ràn án, ṣáláńgá kò ṣeé gbẹ́. Gbangba ni wọ́n ń ṣe é sí, adágún Kivu ni ọ̀pọ̀ ti ń bu omi mu. Àrùn onígbáméjì wọlé, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tẹ̀ lé e. Láàárín oṣù kan, àwọn tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000.

2. Ẹ jẹ́ kí omi pọ̀ tó. Ìlànà Sphere tí àwọn aṣèrànwọ́ káàkiri ayé ń tẹ̀ lé sọ pé ó kéré tán, kí ẹnì kan rí lítà 15 lójúmọ́, kí ibi ìpọnmi má jìnnà sílé ju 500 mítà lọ, kí èèyàn má sì tò ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Ẹni tó rí lítà 4 péré, yóò mu nínú rẹ̀, yóò fi se oúnjẹ, ó tán nìyẹn. Kí ló fẹ́ fi fọwọ́? Ẹ má wá pè é ní ọ̀bùn o.

3. Ẹ tẹ̀lé omi dé ẹnu ẹni tó fẹ́ mu ún. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Ní 1993, àwọn olùwádìí lọ sí àgọ́ Nyamithuthu ní Malawi, níbi tí àwọn ará Mozambique sá ogun wá. Wọ́n yẹ omi kànga wò, ó mọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àbàwọ́n kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa yẹ èyí tó wà nínú garawa wò, ó ti bàjẹ́. Ọwọ́ ló bà á jẹ́. Ẹni tó wá pọnmi á bu díẹ̀, á fi ọwọ́ fọ inú garawa yíká, á dà á nù, á wá pọn èyí tó fẹ́ gbé lọ. Lójú tirẹ̀, ìmọ́tótó ló ń ṣe! Bó bá délé, kọ́ọ̀pù tún ń wọ inú omi, ìka ń bá kọ́ọ̀pù wọ̀ ọ́. Wọ́n wá fún àwọn ilé kan ní garawa tó ní ọmọrí tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ ráyè wọlé, tó sì ní ẹnu ìdàmi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn ilé yẹn, ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 fi ìdá 31 nínú 100 dín sí ti àwọn tó ń lo garawa lásán. À ń pariwo pé omi ò lọ́tàá. Ọ̀tá rẹ̀ rèé, ìka márùn-ún ló ní.

Bákan náà ni kloríìnì, oògùn tí wọ́n ń fi pa kòkòrò inú omi. Ìlànà àtijọ́ ní kí èyí tó ṣẹ́kù nínú omi lẹ́nu ẹ̀rọ jẹ́ mílígíráàmù 0.2 sí 0.5 nínú lítà kan. Ṣùgbọ́n ní 2013, àwọn tó ṣèwádìí ní àwọn àgọ́ Maban ní Gúúsù Sudan rí i pé agbára rẹ̀ ń tán nínú kẹ́ẹ̀gì kí wọ́n tó mu omi náà tán nílé. Wọ́n wá dábàá pé kí ó tó 1.0 lẹ́nu ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe yẹ omi wò lẹ́nu ẹ̀rọ láàárọ̀ kí ẹ wá lọ sùn. Ẹ tọrọ ààyè wọlé onílé nírọ̀lẹ́, ẹ bu omi kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ díẹ̀, ẹ sọ hóró DPD tí wọ́n fi ń yẹ kloríìnì wò sí i. Bó bá pọ́n rúsúrúsú, kloríìnì ṣì wà níbẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá yí rárá, ìròyìn ayọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá láàárọ̀, ẹ lọ tún un kọ.

4. Kànga àti ṣáláńgá kò gbọdọ̀ jẹ́ aládùúgbò. Ní 2017, àwọn Rohingya tó lé ní 700,000 sá kúrò ní Myanmar wọ Cox's Bazar ní Bangladesh. Nínú kánjúkánjú, wọ́n gbẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ kànga tí kò jìn, àwọn mìíràn sì súnmọ́ ṣáláńgá pẹ́kípẹ́kí. Kòkòrò inú ìgbẹ́ wọ inú omi. Kí 30 mítà wà láàárín kànga àti ṣáláńgá, kí ìsàlẹ̀ ṣáláńgá sì fi mítà kan ààbọ̀ ga ju omi inú ilẹ̀ lọ. Iye kànga ni àwọn tó ń fowó ṣètìlẹ́yìn iṣẹ́ náà máa ń fẹ́ kà. Ẹ̀yin ẹ fi okùn wọn ilẹ̀ ní tiyín.

5. Ẹ bi àwọn obìnrin kí ẹ tó gbẹ́ ihò kankan. Èèyàn 20 sí ṣáláńgá kan, ti obìnrin lọ́tọ̀, kí ó ní ìdè láti inú, kí iná wà lóru. Bí kò bá sí bẹ́ẹ̀, wọn á máa fara da òùngbẹ kí wọ́n má baà jáde lóru. Ibi tí wọn yóò ti fọ aṣọ nǹkan oṣù wọn ńkọ́? Ìpàdé ọkùnrin kọ́ ló ń pinnu ìyẹn.

6. Ẹni tó bá ní ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ kì í ṣe nǹkan, ẹ má gbà. Ọmọdé a máa bẹ̀rù ihò. Ẹ wá póò fún wọn.

7. Ṣáláńgá ń kún. Nígbà tiwa, agbépóò ní ọjọ́ tirẹ̀, a sì mọ ibi tó ń gbé e lọ. Ní Cox's Bazar, àjọ aṣèrànwọ́ Oxfam ṣí ilé-iṣẹ́ kan ní 2019 tó lè tọ́jú ìgbẹ́ èèyàn 150,000. Àgọ́ tiyín lè má ní irú rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá débẹ̀, ẹ wá ẹni tó ń kó o, ẹ kí i dáadáa, ẹ bèèrè ibi tó ń dà á sí, kí ẹ sì bá a dé ibẹ̀. Ẹ ra bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ fún un kí ẹ tó ra mọ́tò fún ara yín.